Ta Ni Ó Ni Àṣìṣe Akẹ́kọ̀ọ́? Àyẹ̀wò Ẹ̀kọ́ Ẹnu Iṣẹ́ ní Ilé-Iṣẹ́ Ọ̀ṣọ́ Inú Ilé Kan ní Ìbàdàn

1. Ìfáàrà

Iṣẹ́ yìí dá lórí oṣù mẹ́fà tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan láti ẹ̀ka ìmọ̀ ìyàwòrán-ilé lò ní ilé-iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ inú ilé kan ní ìlú Ìbàdàn. Kì í ṣe láti to gbogbo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe lẹ́sẹẹsẹ ni ète rẹ̀, nítorí pé ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí ó fà lé ẹ̀ka rẹ̀ lọ́wọ́ ti ṣe ìyẹn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó fẹ́ dáhùn: nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe àṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́, èjìká ta ni ẹrù àṣìṣe náà yóò wà? Ìbéèrè yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ ni ó máa ń sọ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan iṣẹ́, tàbí yóò kàn máa wò ó títí àkókò rẹ̀ yóò fi pé.

2. Ètò náà àti iṣẹ́ náà

Ní ọdún 1971 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá àjọ Industrial Training Fund sílẹ̀. Ní ọdún 1973 ni àjọ yìí gbé ètò SIWES kalẹ̀, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ sí I.T. Ohun tí ó fa ètò náà ni pé ìmọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà nínú ìwé kò bá ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń fẹ́ mu tó. Oṣù mẹ́fà ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń lò, oṣù mẹ́rin sì ni ti akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. Ìnáwó ètò náà wọ àjọ yìí lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yọwọ́ nínú rẹ̀ ní ọdún 1978. Ọdún 1984 ni ìjọba pàṣẹ pé kí ó tún gbà á padà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nígbà náà, ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò san owó ẹ̀kọ́ yìí kò tíì fi bẹ́ẹ̀ rọrùn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ inú ilé jẹ́ ohun àtọ̀húnrìnwá. Láàárín ọdún 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀, ará Ìsẹ̀, gbẹ́ àwọn òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1924, kò sì padà wálé mọ́. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé lóde òní, ẹni tí ó ya àwòrán kì í ṣe ẹni tí ó ń gbẹ́ igi tàbí tí ó ń rán aṣọ. Ìwé wà lọ́wọ́ ẹnì kan, ayùn wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àárín àwọn méjèèjì yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń bá ara rẹ̀.

3. Ọ̀rọ̀ aṣọ ojú fèrèsé

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni wọ́n rán akẹ́kọ̀ọ́ yìí lọ wọn fèrèsé ńlá kan nínú yàrá àlejò oníbàárà, kí ó sì ra aṣọ rẹ̀ ní ọjà Gbági. Ọ̀pá ìfàkọ́ aṣọ náà jẹ́ 180 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú. Kí aṣọ lè ṣẹ́po dáadáa, ìlọ́po méjì ìbú náà ni a ó lò, èyí tí í ṣe 360. Láti òkè dé ilẹ̀, pẹ̀lú ibi tí a ó ṣẹ́ lókè àti nísàlẹ̀, jẹ́ 255. Ìbú aṣọ tí wọ́n ń tà lọ́jà sì jẹ́ 150. Akẹ́kọ̀ọ́ náà fi 150 pín 360, ó rí 2.4, ó fi 255 sọ ọ́ di púpọ̀, ó rí 612 sẹ̀ǹtímítà. Níwọ̀n bí yáàdì kan ti jẹ́ 91.44 sẹ̀ǹtímítà, ó ra yáàdì méje, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé ó tilẹ̀ lé díẹ̀.

Kò sí àṣìṣe nínú ìṣirò náà bí ìṣirò. Ṣùgbọ́n aránṣọ kò lè rán ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìbú aṣọ láìgé odindi gígùn fún un. Ẹyọ mẹ́ta ni ó nílò, kì í ṣe 2.4, èyí sì túmọ̀ sí 765 sẹ̀ǹtímítà, tí ó lé ní yáàdì mẹ́jọ. Aránṣọ ti gé ẹyọ méjì kí ó tó rí i pé èyí tí ó kù kò ju 130 lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé Gbági, igàn tí wọ́n ti gé aṣọ náà ti tán. Àwọ̀ igàn mìíràn tí wọ́n bá níbẹ̀ ṣú díẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ, oníbàárà sì kọ̀ ọ́. Ó di dandan kí wọ́n ra gbogbo aṣọ náà lákọ̀tun.

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà san owó aṣọ láìbínú. Ó kàn gba téèpù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà ni. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko lẹ́yìn náà, kò wọn ohunkóhun. Ó ń gba àlejò, ó ń to ìwé, ó ń lọ ra oúnjẹ ọ̀sán. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ohun tí ó kọ sí ọ̀sẹ̀ karùn-ún kò ju pé ó kópa nínú ríra aṣọ ojú fèrèsé. Olùkọ́ tí ó wá bẹ̀ ẹ́ wò láti ilé-ẹ̀kọ́ ka ìwé náà, ó fọwọ́ sí i, ó sì lọ.

4. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́

Ó yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí wé ipò ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Nígbà tí òbí bá mú ọmọ lọ bá ọ̀gá, àdéhùn máa ń wà láàárín wọn níwájú ẹlẹ́rìí: iye ọdún, owó ìkọ́ṣẹ́, àti ọjọ́ tí ọmọ yóò gba ìyọ̀ǹda. Ọ̀gá mọ̀ pé ọmọ náà yóò ba nǹkan jẹ́. Ó sì mọ̀ pé bí ó bá ba aṣọ jẹ́ ní ọdún kìn-ín-ní, yóò fi ọdún kejì àti ìkẹta sìn ín pẹ̀lú ọwọ́ tí ó ti já fáfá. Àkókò ni ó ń san gbèsè àṣìṣe ọmọ ìkọ́ṣẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń yọ́ bọ̀ ni yóò dì ẹrù rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò bá ọ̀gá ṣe àdéhùn kankan lórí ohun tí ó bá bàjẹ́, ọ̀gá náà kò sì rí ìdí tí òun yóò fi máa pàdánù lórí ọmọ tí kò ní í pẹ́ lọ. Nítorí náà, ọ̀nà tí ó rọrùn jù fún un ni láti gba téèpù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò wọn nǹkan kò lè ṣì í wọ̀n. Yóò parí oṣù mẹ́fà rẹ̀ láìní àléébù, kò sì ní í mọ ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀.

5. Bí téèpù ṣe padà

Gbẹ́nàgbẹ́nà àgbàlagbà kan tí ó ń bá ilé-iṣẹ́ náà ṣiṣẹ́ ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, ó nílò ẹni tí yóò bá a di etí téèpù kejì mú níbi tí wọ́n fẹ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ sí. Ìwọ̀n 2,500 mìlímítà ni ó wà nínú àwòrán fún àwọn ìdúró rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà rántí Gbági, ó sì béèrè pé:

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni pákó tí ẹ máa lò ṣe gùn tó?"

"Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ni, ọmọ mi. Bí wọ́n ṣe ń tà á ní Bódìjà nìyẹn."

Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ kò ju nǹkan bí 2,440 mìlímítà lọ. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà péré ni àwòrán fi gùn ju pákó lọ, ṣùgbọ́n nítorí mẹ́fà yìí, wọn ì bá tún ra pákó mìíràn láti fi ṣe àsomọ́, ojú àsomọ́ náà ì bá sì hàn. Akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ sọ fún ọ̀gá. Wọ́n dín ìdúró kọ́bọ́ọ̀dù náà kù sí 2,400, pákó kan sì mú ìdúró méjì jáde láìṣẹ́kù púpọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá gbé téèpù lé tábìlì rẹ̀ láìsọ nǹkan kan.

Abèèrè kì í ṣìnà, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí. Ṣùgbọ́n ó hàn gbangba pé àṣìṣe Gbági ni ó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yìí ní ìbéèrè tí ó yẹ kí ó bi gbẹ́nàgbẹ́nà. Aṣọ tí ó bàjẹ́ ni ó yọ pákó nínú ewu. Bí kò bá sí ọwọ́ tí ó nílò lẹ́yìn téèpù ní ọjọ́ náà, owó aṣọ ì bá ti ṣègbé láìsí èrè kankan.

6. Àgbálọgbábọ̀

Ìdáhùn sí ìbéèrè tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni pé lọ́wọ́lọ́wọ́, kò sí ẹni tí ó ni àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́. Ilé-iṣẹ́ ń sanwó rẹ̀ kò sì jèrè rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ń fi í pamọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ kò gbọ́ nípa rẹ̀ rárá. Ohun mẹ́ta ni ẹ̀ka ìmọ̀ lè ṣe sí i. Èkíní, kí ìwé tí ó ń mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé-iṣẹ́ sọ iye ohun tí ó lè bàjẹ́ àti ẹni tí yóò san án. Èkejì, kí olùkọ́ tí ó ń bẹ akẹ́kọ̀ọ́ wò dé ibi tí iṣẹ́ gan-an ti ń lọ, kí ó má ṣe mọ sí ọ́fíìsì nìkan. Ẹ̀kẹta, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò rẹ̀, kí wọ́n sì fún un ní máàkì lórí bí ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ karùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ yìí bá wà lákọsílẹ̀ bí ó ti rí, àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ì bá kà á kí wọ́n tó dé Gbági.