Ọ̀dà, fèrèsé àti òjòlá inú yàrá mi

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní London mọ̀ pé mo ń sin òjòlá. Màmá mi ní Ìbàdàn náà ti mọ̀, wọ́n sì ti bú mi títí ó fi sú wọn: “Ọmọ tí mo rán lọ kàwé, ejò ló ń sìn!” Royal python ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ níbí, òjòlá kékeré tó máa ń ká ara rẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù tí ẹ̀rù bá bà á. Kì í ṣe nǹkan òyìnbó o. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ilé rẹ̀, àwọn oníṣòwò sì ti ń kó o láti Tógò, Benin àti Gánà lọ sí òkè òkun láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ ilẹ̀ ooru ni, bíi tèmi.

Nínú oṣù Kìíní, onílé ní òun fẹ́ tún ilé kùn. Yàrá mi wà níbẹ̀. Kí ni òórùn ọ̀dà máa ṣe fún ẹran tí kò lè rìn jáde, tí kò sì lè sọ pé “orí ń fọ́ mi”?

Ohun tó ń rùn nínú ọ̀dà ni àwọn kẹ́míkà tó máa ń fò sínú afẹ́fẹ́ bó ṣe ń gbẹ. VOC ni wọ́n ń kọ sára agolo. Ọ̀dà ò dọ́gba nínú rẹ̀ rárá. Láti 2010, òfin ilẹ̀ Yúróòpù, tí UK náà ń tẹ̀ lé, ò gbà kí ọ̀dà ògiri tí kì í dán ju gíráàmù 30 lọ nínú lítà kan. Ṣùgbọ́n ọ̀dà olóròóró tí wọ́n fi ń kun igi àti irin lè dé 300. Ẹ rí i báyìí pé ìlẹ̀kùn ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù, kì í ṣe ògiri. White spirit tí wọ́n fi ń po gloss, tí wọ́n tún fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì, oru rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rà mọ́. Ilẹ̀ yẹn náà ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé àpótí ejò sí. Ó tún máa ń gbaná, nítorí náà ẹ má gbé agolo rẹ̀ sí tòsí gílóòbù tó ń mú àpótí gbóná.

Ẹ wá wo bí àwọn ẹran afàyàfà ṣe ń mí. Èmi àti ẹ̀yin ní iṣan pẹlẹbẹ kan lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró tó ń bá wa fa èémí, tó sì ń jẹ́ ká lè wúkọ́ gidi. Ejò ò ní irú rẹ̀. Iṣan ẹ̀gbẹ́ ìhà ló fi ń mí, tí kẹ́lẹ́bẹ̀ bá sì kó sí i láyà, kò rọrùn fún un láti hú u jáde. Ti ahun tún yàtọ̀, torí ìhà rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ igbá ẹ̀yìn rẹ̀, kò lè fẹ̀ kò lè sún; iṣan inú ikùn àti ti ìdí ẹsẹ̀ ló ń bá a mí. Ejò tún ń fi ahọ́n kó òórùn láti inú afẹ́fẹ́ lọ sí ẹ̀yà ara kan ní òkè ẹnu. Ohun tó kàn ń yọ wá lẹ́nu, òun ń tọ́ ọ wò ni.

“Ṣí fèrèsé!” Gbogbo ẹni tí mo bi ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní Ìbàdàn, òótọ́ ni. Tí wọ́n bá ń kun ilé fún Kérésì, ahun àbúrò mi ń lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ní London nínú oṣù Kìíní, ìta lè má ju ìwọ̀n 5 Celsius lọ, bẹ́ẹ̀ apá tó gbóná nínú àpótí òjòlá gbọ́dọ̀ wà ní bíi 31. Ara ejò kì í dá ooru tirẹ̀ pèsè. Tó bá tutù, oúnjẹ ò ní dà, agbára tó fi ń bá kòkòrò àrùn jà á sì lọ sílẹ̀. Òtútù wà lára ohun tó sábà máa ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró fún wọn. Ẹni tó bá ṣí fèrèsé lé ejò lórí ti gbà á lọ́wọ́ òórùn, ó ti fà á lé òtútù lọ́wọ́.

Bíbò àpótí ńkọ́? Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni òórùn náà ń gbà. Àlùbọ́sà tí wọ́n ní ká gé sínú yàrá kàn ń fi òórùn bo òórùn ni, tọ́ọ̀bù olóòórùn dídùn sì ń fi kẹ́míkà mìíràn kún un.

Nítorí náà, mo gbé e kúrò. Mi ò fún un lóúnjẹ fún ọjọ́ méjì ṣáájú, torí ejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun lè bì í tí wọ́n bá gbé e kiri. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Lewisham gbà á, pẹ̀lú mátì tó ń gbóná àti thermostat rẹ̀. Tí ẹ ò bá ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀, yàrá tó jìnnà jù nínú ilé ni, kẹ́ ẹ ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, kẹ́ ẹ fi aṣọ dí abẹ́ ìlẹ̀kùn náà. Àwọn akunlé tún fẹ́ fi sáńpépà ha ìlẹ̀kùn àtijọ́. Nínú ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú àwọn ọdún 1960, òjé lè wà nínú ọ̀dà yẹn, eruku rẹ̀ ò sì dáa fún ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Pé ọ̀dà ti gbẹ lọ́wọ́ ò túmọ̀ sí pé ó ti dẹ́kun àtimáa tú kẹ́míkà. Mo ṣí fèrèsé tọ̀sán-tòru fún ọjọ́ mẹ́wàá nítorí gloss yẹn. Imú máa ń mọ́ra, nítorí náà ẹlòmíì tó ń ti ìta bọ̀ ni mo ní kó bá mi gbọ́ òórùn yàrá. Lẹ́yìn ìyẹn mo tan ooru àpótí fún odindi ọjọ́ kan kí n tó gbé e wọlé.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn lẹ ó máa ṣọ́ ọ, torí ejò mọ bí wọ́n ṣe ń fi àìsàn pamọ́. Tó bá ń ya ẹnu mí, tí ìfóòfó ń yọ ní imú rẹ̀, tí èémí rẹ̀ ń dún, tàbí tó ń gbé orí sókè ṣáá, ilé ìwòsàn ẹranko yá. Kì í ṣe gbogbo dókítà ẹranko ló ń tọ́jú ejò o. Ẹ wá èyí tó mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ kí akunlé tó kan ilẹ̀kùn.