ÌTỌ́JÚ ADÁGÚN ẸJA Ẹ̀YÌNKÙLÉ ÀTI ASẸ́ RẸ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àwọn kan nínú yín ní Kabba ń sin ẹja àrọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn mìíràn sì ń gbèrò láti fi owó tí wọ́n bá yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ẹja bá kú tán lóru ọjọ́ kan, gbèsè kò ní bá wọn kú. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ omi àti asẹ́ rẹ̀.

Ní Lọ́kọ́jà, níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé, omi tó ń ṣàn ní í gbé ìgbẹ́ ẹja lọ. Omi ẹ̀yìnkùlé kì í ṣàn. Ìgbẹ́ àti oúnjẹ àjẹkù á jẹrà síbẹ̀, wọn á sì di májèlé tí à ń pè ní amóníà. Omi lè mọ́ lójú kí ó sì wà níbẹ̀. Lóòótọ́, àrọ̀ lè yọrí mí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n èyí kò ní kí amóníà má pa á.

Asẹ́ tó dára ní àgbá méjì. Èkíní, tí a fi àwọ̀n tàbí fóòmù sí, ń gba ìdọ̀tí tí ojú rí. Èkejì kún fún òkúta wẹ́wẹ́. Lára òkúta yìí ni àwọn ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín ń gbé, tí wọ́n ń sọ amóníà di ohun tí kò tètè pa ẹja lára. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó. Nítorí náà, ẹ fi ọmọ ẹja díẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kíyè sí nǹkan wọ̀nyí:

1. Ẹ máa fọ àgbá kìíní lóòrèkóòrè. Ẹ má fi ọṣẹ tàbí omi ẹ̀rọ fọ òkúta àgbá kejì, nítorí oògùn inú omi ẹ̀rọ á pa àwọn ohun abẹ̀mí náà. Omi adágún fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣàn án, ìdajì lẹ́ẹ̀kan.

2. Oúnjẹ tí ẹja lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú 10 sí 15 ni kí ẹ fún un. Nígbà ọyẹ́, ẹ jẹ́ kí oòrùn mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó fún un.

3. Bí iná bá lọ fún wákàtí púpọ̀, ẹ má fún ẹja lóúnjẹ. Nígbà tí iná bá dé, ẹ kọ́kọ́ da omi tó ti bà jẹ́ nínú asẹ́ nù, kí ẹ tó jẹ́ kí ó ṣàn padà sọ́dọ̀ ẹja.

4. Asẹ́ nìkan kò tó. Ẹ máa fa nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà kúrò nísàlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ fi bomi rin ewébẹ̀. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ni ẹ fẹ́ fi dípò rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó wà ní gbangba fún ọjọ́ kan, ó kéré tán.

Bí ẹja bá kọ oúnjẹ, tí omi sì ń rùn, ẹ pààrọ̀ omi lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró di àárọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ yá owó ẹja, kí ó ka owó asẹ́ mọ́ ọn, kí ó má sì sin ju iye ẹja tí omi kànga rẹ̀ lè gbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ní omi kò lọ́tàá; ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ni ọ̀tá omi ẹja.