Kí Ló Dé Tí Amẹ́ríkà Fi Ń Lé Ọkọ̀ Tuntun Padà, Tó Ń Ṣílẹ̀kùn fún Arúgbó Ọkọ̀?

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ọkọ̀ eré Nissan Skyline GT-R tí wọ́n ń pè ní R34 bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Amẹ́ríkà fàlàlà lọ́nà tó bófin mu. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1999 títí di 2002 ni wọ́n fi ṣe é ní Japan, ọ̀pọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà tó fẹ́ràn rẹ̀ ni kò sì rí i rí àfi nínú fíìmù 2 Fast 2 Furious. Ẹnikẹ́ni kò tún bíréèkì rẹ̀ ṣe, ìjọba kò sì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fún un láyè. Ọdún 25 ló pé, òfin Amẹ́ríkà sì gba ọkọ̀ òkèèrè tó bá ti pé iye yẹn láyè. Èyí tí wọ́n ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ 1999 ti ń wọlé, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹjọ ọdún 2002, tí ẹnjìnnì àti irin ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, yóò dúró di oṣù kẹjọ ọdún 2027. Ní Nàìjíríà, òdìkejì rẹ̀ là ń rí: tòkunbọ̀ tó bá dàgbà jù ni òfin ń lé padà. Ọ̀nà méjèèjì ń fi ọjọ́ orí ṣe òṣùwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ orí nìkan kò lè sọ bóyá ọkọ̀ dára fún ojú pópó.

Ìtàn òfin náà jẹ́ ká mọ ohun tí wọ́n ń fi í wá. Láti òpin àwọn ọdún 1960 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ní ìlànà tirẹ̀ fún iná, bẹ́líìtì àti bí ara ọkọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ lè gba ìkọlù. Nígbà tí dọ́là wá lágbára ní àárín àwọn ọdún 1980, àwọn èèyàn ń lọ ra Mercedes àti BMW fúnra wọn ní Jámánì. Wọ́n á sanwó fún mẹkáníìkì láti tún un ṣe kó lè bá ìlànà mu, síbẹ̀ owó rẹ̀ kì í tó iye tí àwọn aṣojú ilé iṣẹ́ náà ń tà á. Ní 1985 nìkan, ọkọ̀ tó gba ọ̀nà yìí wọlé lé ní 60,000. Àwọn aṣojú tí ọjà wọn ń kú figbe ta, wọn kò sì ṣàì rí ẹ̀rí tọ́ka sí, torí iṣẹ́ àwọn mẹkáníìkì kan kò dára rárá. Òfin ọdún 1988 wá fi àtúnṣe náà sọ́wọ́ kìkì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ó sì yọ ọkọ̀ tó bá ti pé ọdún 25 sílẹ̀. Àwọn tó ń rí sí èéfín ní tiwọn: ọdún 21, bí ẹnjìnnì bá ṣì wà bí wọ́n ṣe ṣe é. Ààbò ẹ̀mí àti ààbò ọjà ló jọ bí òfin yìí.

Àwọn tó fara mọ́ ọn yóò sọ pé arúgbó ọkọ̀ kò pọ̀, olówó rẹ̀ kì í sì í gbé e jáde lójoojúmọ́, nítorí náà ewu rẹ̀ kéré. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé àìpọ̀ àti àìrìn púpọ̀ ló mú ewu rẹ̀ kéré, àwọn nǹkan wọ̀nyẹn gan-an ló yẹ ká kà. Amẹ́ríkà mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Porsche 959 tí Bill Gates rà wà lọ́dọ̀ aṣọ́bodè fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá, torí pé kò tó 350 tí wọ́n ṣe, Porsche kò sì fẹ́ fi èyíkéyìí nínú wọn kọlu ògiri fún àyẹ̀wò. Ìlànà Show or Display tó dé ní 1999 ló yanjú rẹ̀: ọkọ̀ tó ṣọ̀wọ́n, tó ní ìtumọ̀ nínú ìtàn tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ, lè wọlé láìpé ọdún 25, bí kò bá ti rìn ju 2,500 máìlì lọ lọ́dún.

Àtakò tó lágbára jù ni ti sítíárìn. Ọwọ́ ọ̀tún ni ti ọkọ̀ Japan wà, ọwọ́ ọ̀tún náà ni wọ́n sì ń gbà lójú pópó Amẹ́ríkà. Ní Canada, níbi tí ọdún 15 ti tó, ìwádìí kan ní ìpínlẹ̀ British Columbia rí i pé ewu kí awakọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ẹ̀bi ara rẹ̀ fa ìjàǹbá fi ohun tó lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ̀rí gidi nìyẹn, ṣùgbọ́n kò gbe òfin ọjọ́ orí. Sítíárìn tó wà lọ́tùn-ún nígbà tí ọkọ̀ pé ọdún 24 kò ní kúrò níbẹ̀ nígbà tó bá pé 25. Bó bá jẹ́ òun là ń bẹ̀rù, ìdánwò fún awakọ̀ tàbí ìdíwọ̀n máìlì ló kàn án.

Ohun tó tún ń mú ọ̀rọ̀ náà le sí i ni pé ẹnu ibodè kọ́ ni òpin. Ìpínlẹ̀ ló ń fún ọkọ̀ ní nọ́ńbà. California ní òfin èéfín tirẹ̀ tó le ju ti ìjọba àpapọ̀ lọ, àwọn ìpínlẹ̀ bíi Georgia àti Maine sì ti fìgbà kan kọ̀ láti fún àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré láti Japan ní nọ́ńbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti pé ọdún 25. Lọ́dún 2025, nígbà tí ìjọba Trump gbé owó ibodè ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ọkọ̀ tó ti pé ọdún 25 tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà gbọ́dọ̀ mọ oṣù tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà, kó sì bi ìpínlẹ̀ rẹ̀ kó tó sanwó.

Ohun kan wà tí òfin ọjọ́ orí fi dára: kò nira láti lò. Òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè kò nílò ju ìwé ọjọ́ tí wọ́n ṣe ọkọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò bíréèkì, iná àti táyà pẹ̀lú ìdíwọ̀n máìlì kò kọjá agbára ìjọba tó ti ń ṣe Show or Display láti 1999. Bí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́ dé orí R34 tó kù, ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ síbi àfihàn yóò rí ààyè, ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ di ọkọ̀ iṣẹ́ ojoojúmọ́ kò sì ní rí i. Òfin ọdún 25 kò lè fìyàtọ̀ sáàárín àwọn méjèèjì.