Ọ̀ṣọ́ Abẹ́ Gìgísẹ̀

Ní oríta Orè, níbi tí ọkọ̀ Èkó, ti Bìnì àti ti Oǹdó ti ń pàdé, ẹ mú bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ lọ bá ṣúmékà. Kó tó mú òòlù, yóò kọ́kọ́ dojú bàtà náà dé, yóò wo ibi tó ti jẹ. Ìhà òde lẹ́yìn ni ti ọ̀pọ̀ wa máa ń jẹ sí, torí ibẹ̀ la fi ń kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀. Yóò wá gé táyà tàbí rọ́bà líle mọ́ ọn.

Páànù irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kàn mọ́ abẹ́ gìgísẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí kí rọ́bà tó dé. Ọdún 1899 ni Humphrey O'Sullivan, ará Lowell ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí gìgísẹ̀ oní-rọ́bà. Àwọn àgbà tó bá sójà ayé òyìnbó pàdé mọ ìró irin abẹ́ bàtà yẹn lórí sìmẹ́ńtì: kò-kò-kà.

Nílùú òyìnbó, kì í ṣe sójà nìkan ló ń wọ̀ ọ́. Àwọn awakùsà náà kàn án mọ́ bàtà wọn ní ọ̀rúndún 19. Irin lásán ni púpọ̀ nínú àwọn páànù náà, àmọ́ idẹ ni òmíràn, wọ́n sì gé àwòrán ọkàn, ìràwọ̀ tàbí àmì ara káàdì sí àárín rẹ̀. Ní California, níbi tí ayé ti rọ́ lọ lẹ́yìn tí wọ́n rí wúrà ní 1848, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wá irin inú ilẹ̀ ṣì ń hú wọn jáde títí di òní.

Abẹ́ ẹsẹ̀ ni ọ̀ṣọ́ náà wà! Ta ni yóò rí i, bí kò ṣe ẹni tó ni bàtà, ẹni tó kàn án, àti bóyá ẹni tó jókòó tì í lọ́jọ́ tó bá nasẹ̀? Síbẹ̀ ẹnì kan fara balẹ̀ ṣe ọkàn yẹn tó fi gún régé. Iṣẹ́ ọnà ni mo kà á sí, ó sì ń dùn mí bí wọ́n bá dà á mọ́ irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù.

Báwo la ṣe ń dá a mọ̀? Ó pẹlẹbẹ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju gìgísẹ̀ èèyàn lọ. Ojú ìṣó rẹ̀ kéré, wọ́n sì gbẹ́ ẹnu rẹ̀ jin díẹ̀ kí orí ìṣó má bàa yọ síta. Ojú ibi tó jin yẹn ló kọjú sílẹ̀. Bàtà irin kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nípọn jù ú lọ, ojú ìṣó tiẹ̀ sì tóbi. Èyí tó máa ń tan èèyàn jù ni páànù ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń kàn yí ojú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ká, torí òun náà ní ihò láàárín. Ẹ wo etí rẹ̀: ilẹ̀kùn kì í rìn. Èyí tó bá ti fẹ́lẹ́ lẹ́yìn níhà kan, ẹsẹ̀ ló jẹ ẹ́. Bí ẹ bá yí ojú rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe yẹ, ìhà tó jẹ yóò sọ bóyá ẹsẹ̀ ọ̀tún ni tàbí ti òsì.

Ilẹ̀ tiwa náà gba bàtà ológun. Ní oṣù kẹjọ 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra dé Orè, ìjà tí gbogbo Yorùbá ṣì ń dárúkọ sì wáyé níbẹ̀. Irin kì í pẹ́ dípẹtà nínú ilẹ̀ olómi bíi tiwa. Idẹ ló lè pẹ́, yóò kàn di àwọ̀ ewé ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má lọ gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ láìgba àṣẹ. Nǹkan tí kò tíì bú lè wà lábẹ́ ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti jagun, òfin àwọn ilé àkójọ ìṣẹ̀ǹbáyé ti 1979 náà kò sì fàyè gba kéèyàn kàn máa hú nǹkan àtijọ́. Bí ọkọ́ bá ṣèèṣì kan irú páànù gìgísẹ̀ bẹ́ẹ̀ lóko kòkó, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì irin fọ̀ ọ́. Ẹ ya fọ́tò ojú méjèèjì, ẹ kọ ibi tó ti jáde sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé àkójọ ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Ọ̀wọ̀.