Yíya Nọ́ńbà Fóònù Sọ́tọ̀: Ọ̀nà Láti Dáàbò Bo Owó àti Àṣírí Ẹni

Nọ́ńbà fóònù ti kọjá ohun tí a fi ń pe ara ẹni lásán. Òun ni báńkì ń fi nọ́ńbà ìjẹ́rìísí ránṣẹ́ sí, òun ni a fi ń ṣí WhatsApp, òun náà ni a so mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, NIN, àti mọ́ BVN. Síbẹ̀, nọ́ńbà kan náà yìí ni ọ̀pọ̀ wa ń kọ sára pátákó ìsọ̀, tí a ń fún ọlọ́kadà tó ń gbé ẹrù, tí a sì ń kọ sínú ìwé àlejò lẹ́nu géètì. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀.

Ewu tó wà níbẹ̀ pọ̀. Oníjìbìtì tó mọ nọ́ńbà tí ẹ fi ń ṣe báńkì lè pè yín bí òṣìṣẹ́ báńkì, kí ó sì béèrè nọ́ńbà ìjẹ́rìísí. Olè tó jí fóònù lè yọ síìmù rẹ̀ sínú fóònù mìíràn, kí ó máa gba àtẹ̀jíṣẹ́ yín. Àwọn áàpù ayánilówó kan sì máa ń ka orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù, láti fi dójú ti onígbèsè lọ́dọ̀ ará àti ọ̀rẹ́.

Ọ̀nà àbáyọ kan ni pé kí ẹ ní nọ́ńbà méjì. Èkíní jẹ́ ti báńkì àti ti ìdílé nìkan. Ẹ fi í sínú fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ nílé. Irú fóònù bẹ́ẹ̀ ń gba àtẹ̀jíṣẹ́, ó sì ń tẹ kóòdù báńkì. Èkejì ni kí ẹ máa fún oníbàárà àti àlejò, òun náà ni kí ẹ fi wọ ẹgbẹ́ orí WhatsApp.

Bí agbára kò bá ká fóònù méjì, ẹ lè fi síìmù méjèèjì sínú fóònù kan. Ṣùgbọ́n bí olè bá gbé e, méjèèjì ló lọ. Nítorí náà, ẹ fi PIN ti síìmù yín. Ẹ kọ́kọ́ béèrè PIN àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù, nítorí àṣìtẹ̀ mẹ́ta yóò tì í pa.

Níní nọ́ńbà méjì kì í ṣe fífara pamọ́ fún òfin. Ẹ gbọ́dọ̀ so méjèèjì mọ́ NIN yín. Ẹ má ṣe ra síìmù tí a ti fi orúkọ ẹlòmíràn forúkọ sílẹ̀, nítorí ẹni tó ni orúkọ náà lè lọ gba síìmù mìíràn sórí nọ́ńbà yẹn.

Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà inú ilé kú. Bí a kò bá fi pè, tí a kò sì ná owó lórí rẹ̀ fún 180 ọjọ́, ilé-iṣẹ́ lè tì í. Bí 180 ọjọ́ mìíràn bá kọjá, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn, ìsọfúnni owó yín yóò sì máa lọ sọ́dọ̀ àjèjì. Ẹ máa fi owó ìpè díẹ̀ sí i, kí ẹ sì máa fi pe ènìyàn lóṣooṣù. Bí ẹ bá fẹ́ pa nọ́ńbà kan tì, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ rẹ̀ ní báńkì àti lára BVN.

Láti dá àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó dúró, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà STOP ránṣẹ́ sí 2442. Òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 sì fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ fi nọ́ńbà yín ṣe. Bí fóònù bá sọnù, ẹ pe báńkì àti ilé-iṣẹ́ síìmù lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n ti àkáǹtì àti nọ́ńbà náà pa.