Àwọ̀ pọ́pù tó ń ba fọ́tò ìyàwó jẹ́: Kì í ṣe ẹjọ́ aṣọ, kámẹ́rà ló fà á!

Bí wọ́n bá gbé fọ́tò ìgbéyàwó dé, tí ìyàwó rí i pé àwọ̀ pọ́pù kan ti yọ sí gbogbo etí aṣọ funfun òun, ìjà dé nìyẹn. Ìyá ìyàwó á ní ayédèrú aṣọ ni wọ́n tà fáwọn, àwọn mìíràn á ní fọtógíráfà ò mọṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, aṣọ ò ṣẹ̀, fọtógíráfà náà sì lè mọṣẹ́ dáadáa. Àárín ìmọ́lẹ̀ àti lẹ́ǹsì kámẹ́rà lọ̀rọ̀ ọ̀hún wà.

Ìmọ́lẹ̀ tá a ń rí bíi funfun yìí, oríṣiiríṣii àwọ̀ ló kóra jọ sínú ẹ̀, bá a ṣe ń rí i lára òṣùmàrè. Tó bá gba inú gíláàsì kọjá, kálukú wọn ló ń tẹ̀ gba ọ̀nà tiẹ̀. Èyí tí kò bá bọ́ sójú ibi tó yẹ ló ń yọ sí etí nǹkan bíi pọ́pù tàbí àwọ̀ ewé. Ibi tí nǹkan tó ń tàn bá ti pàdé èyí tó dúdú ló ti ń hàn jù, pàápàá aṣọ funfun nínú oòrùn ọ̀sán.

Wàhálà yìí kì í ṣe tòní. Isaac Newton rò pé kò sí àtúnṣe fún un, ló fi lo dígí dípò lẹ́ǹsì nínú awò tó ṣe ní 1668 láti máa fi wo ojú ọ̀run. Ní 1758, John Dollond, ahunṣọ sílíìkì tẹ́lẹ̀ nílùú London, gbàwé àṣẹ lórí lẹ́ǹsì tí wọ́n fi gíláàsì oríṣi méjì ṣe, èyí tó dín in kù.

Lóde òní, kọ̀ǹpútà ń tún un ṣe. Nínú Lightroom, wọ́n á kọ́kọ́ máàkì ibi tí wọ́n kọ Remove Chromatic Aberration sí. Èyí tó bá ṣẹ́kù, wọ́n á lọ síbi Defringe, wọ́n á tọ́ka sí pọ́pù náà, ẹ̀rọ á sì yọ ọ́. Ẹni tí kò lówó Lightroom lè lo darktable, ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o! Ẹ̀rọ ò mọ pọ́pù tó jẹ́ àbùkù yàtọ̀ sí pọ́pù tí ẹbí ìyàwó dìídì fowó rà. Tí wọ́n bá fà á jù, etí gèlè aṣọ ẹbí á funfun bí eérú. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Àwọn tó gbọ́n máa ń fẹ fọ́tò náà lójú kó tóbi, wọ́n á máa fà á díẹ̀díẹ̀, ibi tó bàjẹ́ nìkan ni wọ́n á sì fi búrọ́ọ̀ṣì inú ẹ̀rọ náà kùn. Fọtógíráfà tó bá tún dín ojú lẹ́ǹsì kù láti f/1.8 sí f/5.6 nígbà tó ń yà á, pọ́pù náà ò ní í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyàwó, kẹ́ ẹ tó gbéjà ko fọtógíráfà, ẹ bi í bóyá ojúlówó fọ́tò tó kọ́kọ́ yà ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá ṣì wà, ọ̀rọ̀ ò tíì bàjẹ́.