Bí Nǹkan Oṣù Bá Dúró, Ẹ Jẹ́ Ká Ṣọ́ Ọkàn

Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa la fẹ́ sọ lóṣù yìí. Ẹ̀yin bàbá náà, ẹ kà á, ọ̀rọ̀ ilé gbogbo wa ni.

Láàárín ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù máa ń dúró lára ọ̀pọ̀ obìnrin. Àìsàn kọ́, bí Ọlọ́run ṣe dá ara ni. Ara gbígbóná lójijì àti òógùn òru ni àwọn ìyá wa máa ń bá ara wọn sọ ní ìsọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kì í pariwo bíi ti ooru, òun ni ẹ̀jẹ̀ ríru.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ilé ẹyin obìnrin ló ń pèsè omi ara kan tí àwọn dókítà ń pè ní ẹ́sítírójìn. Òun ló ń bá wa mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ rọ̀. Bí nǹkan oṣù bá dúró, omi yìí á dínkù gan-an. Iṣan á máa le, ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ á máa ru. Ọkàn á wá máa ṣiṣẹ́ bí alábàárù tí wọ́n di ẹrù lé ẹrù fún. Ibẹ̀ ni àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ti ń wá. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ dúró kó tó pé ẹni 40 ọdún, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru nígbà oyún, kí wọ́n ṣọ́ra jù.

Àwọn kan ní àrùn òyìnbó ni. Rárá o! Láti 1972 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkùgbé, tó ṣiṣẹ́ ní UCH Ìbàdàn, ti kọ odidi ìwé lórí ẹ̀jẹ̀ ríru lára àwa aláwọ̀ dúdú.

Kí la ó wá ṣe? Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò ní ilé ìlera, bí ara yín tilẹ̀ le. Bó bá ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ rí dókítà. Bí wọ́n bá fún yín lóògùn, ẹ má dá a dúró nítorí pé ara yá. Ẹ dín iyọ̀ àti magí kù. Ẹni tó ń jókòó sí ìsọ̀ látàárọ̀, kó máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀.

Ẹ má ra oògùn fúnra yín láti fi dá nǹkan oṣù padà. Ní 2002, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, tí obìnrin tó lé ní 16,000 wà nínú rẹ̀, fi hàn pé oògùn tó ń dá omi ara yìí padà kò dáàbò bo ọkàn. Rọpárọsẹ̀ àti jẹjẹrẹ ọmú tilẹ̀ pọ̀ díẹ̀ sí i lára àwọn tó lò ó. Dókítà lè kọ irú rẹ̀ fún ẹni tí ooru ń dà láàmú, ṣùgbọ́n dókítà ni kó kọ ọ́.

Bí àyà bá ń fún yín, tí ẹ kò lè mí dáadáa, tàbí tí ẹnu wọ́, tí apá kan rọ, ẹ má dúró kí ọjà tú o. Ilé ìwòsàn ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀!

Ẹgbẹ́ lè yá yín lówó ọjà. Ṣùgbọ́n owó tí àìsàn bá jẹ, kì í mú èrè wálé. Kí oṣù yìí tó parí, kí ìyá kọ̀ọ̀kan lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Ìlera loògùn ọrọ̀.